Ta ló ní ọmọ oṣù mẹ́jọ kì í yè?

Ìyá ìkókó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ ti ọsibítù dé, a lọ kí i. Màmá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba ọmọ, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Oṣù méje ni wọ́n bí i? Kò séwu. Ká ní oṣù mẹ́jọ ni, ìyẹn ni ì bá le." Gbogbo ilé mi orí. Èmi náà ti ń gbọ́ ọ láti kékeré: ọmọ oṣù méje a máa yè, ti oṣù mẹ́jọ kì í yè. Kì í ṣe àwa nìkan o. Àwọn Gíríìkì ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí Jésù.

Irọ́ ni.

Inú ẹ̀dọ̀fóró kún fún àpò atẹ́gùn kéékèèké, inú wọn sì tutù. Ẹ mú ọ̀rá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi ṣàn, kí ẹ gbìyànjú àtiṣí ẹnu rẹ̀: á ti lẹ̀ mọ́ra. Bí àwọn àpò náà ì bá ṣe máa lẹ̀ mọ́ra nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí a bá mí síta, àmọ́ èròjà ọlọ́ràá kan wà nínú wọn tó ń ṣe bí ọṣẹ. Surfactant ni àwọn dókítà ń pè é. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 ni ọmọ inú oyún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 34 tàbí 35 kó tó tó o lò. Ti ọmọ oṣù mẹ́jọ máa ń ju ti oṣù méje lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá lò sí i nínú ìyá rẹ̀, èrè ni.

Ẹnìkan lè ní, ọmọ Kennedy ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Lóṣù kẹjọ ọdún 1963, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà bí Patrick ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ààbọ̀ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ó wọ̀n ju kílò méjì lọ díẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gan-an. Wákàtí 39 péré ló lò láyé. Àmọ́ oṣù kọ́ ló pa á, èémí ni. Láti 1959 ni Mary Ellen Avery àti Jere Mead ti rí i ní Boston, ìlú tí Patrick kú sí, pé surfactant ni kò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ń pa. Bí wọn yóò ṣe fún ọmọ ní èyí tí kò ní ni wọn ò tíì mọ̀. Ó di 1980 kí Tetsuro Fujiwara ní Japan tó fi èyí tí wọ́n yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró màlúù tọ́jú ọmọ mẹ́wàá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kì bọ ọ̀nà èémí, wọ́n á wá dà á gba ibẹ̀. Wọ́n ń lo ti ẹlẹ́dẹ̀ náà báyìí.

Ibo wá ni irọ́ yìí ti ń rí oúnjẹ jẹ? Ọmọ oṣù méje tó yè, gbogbo àdúgbò ló ń ròyìn rẹ̀. Èyí tó kú, wọ́n á sin ín láìpariwo. Èkejì rèé, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́: ìgbéyàwó oṣù kìíní, ìkómọ oṣù kẹjọ, ọmọ wọn kílò mẹ́ta ààbọ̀. "Oṣù méje ni!" Àwọn àgbà mọ̀, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ti aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè ní ọ̀sẹ̀ 33. Dókítà ní kí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ kíá, ẹbí ní ká dúró kí oṣù mẹ́jọ kọjá. Òmíràn, oṣù méje lomi rẹ̀ dà, ó jókòó sílé pé yóò yè. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ wà. Láti 1972 ni Liggins àti Howie ti fi hàn ní New Zealand pé bí wọ́n bá gún ìyá ní abẹ́rẹ́ steroid kó tó bí, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ á tètè gbó. Surfactant wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in. Abẹ́rẹ́ yìí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ bí ọjọ́ kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí aboyún pẹ́ nílé.

Mo bi ìyá ìkókó náà léèrè. Ó ní ọ̀sẹ̀ 29 ni, wọ́n ti gún òun lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, wọ́n sì da oògùn sí ọmọ lọ́nà èémí lọ́jọ́ tó dáyé.

"Ẹn-ẹ́n," màmá dáhùn, "ṣebí mo wí. Oṣù méje."