Ẹsẹ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò tíì mọ ìsọ̀kalẹ̀ òkè

Láàárín àwa tí a fẹ́ràn kẹ̀kẹ́, ohun kan wà tí a gbà láìjanpata: ẹni tó bá ti ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè, kí ló kù tí fífẹsẹ̀ rìn lórí òkè lè fi ṣe é? Wọ́n á ní ìrìn lásán ni. Ìfẹ́ kẹ̀kẹ́ wà lára mi gidi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń fẹsẹ̀ gun òkè nígbà ooru ni ó ti hàn sí mi pé ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ló jóòótọ́, ìdajì kejì sì ń pa àwọn èèyàn lára.

Ká sọ èyí tó jẹ́ òótọ́: èémí tí gígun kẹ̀kẹ́ ń fún èèyàn wúlò lórí òkè. Níbi tí ẹlòmíì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìwọ ṣì lè máa bá ẹnìkejì rẹ tàkúrọ̀sọ.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń tú àṣírí. Lórí kẹ̀kẹ́, ìsọ̀kalẹ̀ ni ìsinmi: ẹsẹ̀ dúró, táyà ń yí, ọwọ́ rẹ wà lórí bíréèkì. Nígbà tí o bá ń fẹsẹ̀ rìn, itan rẹ gan-an ni bíréèkì. Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí o bá tẹ pẹ́dà, iṣan iwájú itan á sún kì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbẹ́sẹ̀ sórí òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ, orúnkún á tẹ̀, iṣan yẹn kan náà á sì máa gùn sí i nígbà tó ṣì ń gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ dúró. Iṣẹ́ yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lórí kẹ̀kẹ́, bó ti wù kí èèyàn gùn ún tó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni yóò ṣe é kí o tó dé ìsàlẹ̀, òun ló sì ń fa ìpalára wẹ́wẹ́ sínú iṣan.

Lọ́jọ́ náà, o lè má mọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni ìrora máa ń le jù. Àwọn akọni orí kẹ̀kẹ́ á wá máa fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé bí akàn, ọwọ́ kan lára ògiri. Àwọn kan á ní ásíìdì (lactic acid) tó kó jọ sínú iṣan ló fà á. Rárá o. Ásíìdì yẹn kì í pẹ́ ju wákàtí kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìsinmi kó tó lọ. Kò lè jẹ́ òun ló ń dunni lọ́túnla.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé iṣan máa ń tètè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ìsọ̀kalẹ̀ kan ṣoṣo tó mọ níwọ̀n lè dáàbò bo itan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, òkè kékeré ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Máa gbẹ́sẹ̀ ní kúkúrú, má na orúnkún gbọnrangandan, kí o sì mú ọ̀pá méjì dání. Egungun náà á jèrè, torí pé kẹ̀kẹ́ ló máa ń bá a gbé ẹrù ara.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìrìn ẹsẹ̀ á sú ẹni tó fẹ́ràn ìyára kẹ̀kẹ́. Ẹ wo Tourmalet, ọ̀nà orí òkè kan ní ilẹ̀ Faransé, tí eré ìje kẹ̀kẹ́ Tour de France ti ń gbà kọjá láti 1910. Mítà 2,115 ni ibi tí títì ga dé. Níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ ń gòkè lọ títí dé ṣóńṣó òkè Pic du Midi, tó ga ju mítà 2,870 lọ. Láti ojú ọ̀nà yẹn, o máa rí adágún Oncet nísàlẹ̀, o sì lè dúró wò ó bó ti wù ọ́ tó. Ta ló lè wo adágún nígbà tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan? Ojú títì lojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Òdòdó tó hù láàárín òkúta, omi tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ tí etí nìkan ń gbọ́, ẹlẹ́sẹ̀ ló ni wọ́n.

Ìṣirò àkókò nìkan ló kù. Ní 1892, William Naismith, agun-òkè ará Scotland, ní kí a ka wákàtí 1 fún máìlì 3, kí a fi wákàtí 1 kún un fún ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a bá gùn. Kò ka ìsọ̀kalẹ̀ sí. Agun-òkè mìíràn, Eric Langmuir, ló ṣàtúnṣe rẹ̀ nígbà tó yá: níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá ti le, ìṣẹ́jú 10 ni kí a fi kún un fún mítà 300 tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ ti mọ́ lára á rò pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé tó bá ti dórí òkè, bẹ́ẹ̀ wákàtí ṣì kù, ọ̀sán ooru sì ni àrá máa ń sán jù lórí òkè. Àárọ̀ kùtù ni kí o gbéra.