Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Tí Dáìsì Kì Í Já Kulẹ̀

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin akọni tó ń ṣe eré kọ̀ǹpútà Baldur's Gate 3 lórí Steam Deck, ẹ̀rọ eré àfọwọ́gbé, nínú ọkọ̀ ojú irin. Dáìsì oníhà ogún tó ń pinnu bóyá ohun tí akọni dáwọ́ lé á yọrí, tí 1 rẹ̀ máa ń já èèyàn kulẹ̀ láìwo àfikún tí ìmọ̀ akọni ń fi kún un, ẹ̀yin ló ń wárí fún. Bó bá bọ́ sí 4, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá eré padà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ lè tún un jù. Bó bá bọ́ sí 9, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Bó bá wá di 18, ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó gbé àyà síwájú.

Ìmúra yín tilẹ̀ yẹ kí wọ́n kọ́ni nílé ìwé. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà lẹ́yìn Steam Deck: L4, L5, R4 àti R5. Ẹ fún L4 ní iṣẹ́ F5 tó ń fi eré pamọ́, ẹ fún R4 ní iṣẹ́ F8 tó ń dá a padà síbi tí ẹ fi í pamọ́ sí. Kí ìka akọni má baà ṣàárẹ̀.

Kí ni wọ́n ń torí ẹ̀ dá eré padà? Àpótí. Àpótí onígi kan tí wọ́n tì pa, tó ń béèrè 15. Ẹni tí àfikún rẹ̀ jẹ́ 5 nílò 10 lójú dáìsì, ìyẹn ìgbà 55 nínú 100. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá fi idán ìrànlọ́wọ́ tó ń jẹ́ Guidance tì í lẹ́yìn, dáìsì oníhà mẹ́rin á bá a kún un, ó di bí ìgbà 67. Ó sì lè fi àáké fọ́ àpótí ọ̀hún. Rárá o, R4 dára jù. Irinṣẹ́ ìjákọ́kọ́rọ́ ṣẹ́: R4. Ó wá jókòó, ó ń wo ojú gíláàsì, torí pé eré tó ń gba GB 150 kò lè wọ inú Steam Deck oní-GB 64 tó rà, orí káàdì microSD ló kó o sí, káàdì ọ̀hún ò sì yá. Ó tún ṣẹ́: R4. Nígbà tó yá, àpótí ṣí. Kárọ́ọ̀tì jíjẹrà ló wà níbẹ̀. Kárọ́ọ̀tì! Ẹ bá wa kí kárọ́ọ̀tì o, kárọ́ọ̀tì ọlọ́lá, kárọ́ọ̀tì tí bátìrì Wh 40 torí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ kú. Akọni wa sì kó o sápò.

Lọ́dún 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde, eré tí Baldur's Gate 3 ti mú òfin dáìsì rẹ̀, orí tábìlì ni dáìsì ń bọ́ sí, gbogbo ojú ló ń wò ó. Ọ̀gá eré tó ń darí ìtàn á ní, "Ó dáa, irin ti ṣẹ́ sínú kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ṣọ́ sì ti ń bọ̀." Ibẹ̀ gan-an ni eré ti ń dùn. Nídìí ludo tiwa náà, ẹni tí 6 kò bọ́ fún, ọmọ rẹ̀ kò jáde nílé. Ẹ gbé dáìsì tó ti balẹ̀ kẹ́ ẹ rí i bóyá wọn ò ní da ọpọ́n nù lé yín lórí.

Larian, ilé iṣẹ́ tó ṣe Baldur's Gate 3, kò sì ṣe yín níkà. Àmì ẹ̀san tó ń jẹ́ Inspiration, mẹ́rin lẹ lè kó jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ kẹ́ ẹ tún dáìsì jù. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ títí eré fi parí. Ètò kan tó ń jẹ́ Karmic Dice wà ní títàn látìbẹ̀rẹ̀ kí ìjákulẹ̀ má baà to tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀yin yìí kan náà lẹ tún ń pariwo pé eré ń rẹ́ yín jẹ. Ta ló rẹ́ ta jẹ?

Oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni Honour Mode, ìpele tó le jù nínú eré náà, dé: ibi ìfipamọ́ ẹyọ kan, kò sí àdápadà, ẹni tó bá parí rẹ̀ á gba dáìsì wúrà. Mo ní ó tán. Kò tán o! Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì STEAM àti B pọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, kí eré kú kó tó ráyè fi ìtìjú pamọ́. Bí ó bá ti fi í pamọ́ ṣáájú, ó parí nìyẹn, ìdí sì nìyí tí ọwọ́ wọn fi ń gbọ̀n. Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo tó kù fún wọn nínú eré tó kún fún dírágónì nìyẹn. Ọ̀lẹ aláìnítìjú! Lẹ́yìn náà wọ́n á ya fọ́tò dáìsì wúrà, wọ́n á gbé e sórí Facebook pé àwọn là á já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè iye ìgbà tí STEAM àti B pàdé.