"Fukaku omou" kì í ṣe àròjinlẹ̀ o

Ọ̀pọ̀ àwa tá à ń kọ́ èdè Jàpáànù la gbà pé "omou" ni "rò", ó parí. Tá a bá wá fẹ́ sọ pé a ronú jinlẹ̀, a ó ki "fukaku", ìyẹn "jinlẹ̀jinlẹ̀", bọ iwájú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ sọ fún ará Tokyo pé ẹ "fukaku omou" obìnrin kan, ìfẹ́ ló máa gbọ́. Kò ní wá sí i lọ́kàn pé ṣe lẹ jókòó tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ obìnrin náà yẹ̀ wò.

Ohun tó ń sọ sí ni lọ́kàn fúnra rẹ̀ ni omou ń sọ: ìfẹ́, àárò, ìrètí, àti "mo rò pé" tá a fi ń dá sí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń omou ìyá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń fà sí ìyá ni. Tó bá jẹ́ ibi tí ìyá máa gbé lọ́jọ́ ogbó ló ń wá ojútùú sí, kangaeru ló ń ṣe yẹn, torí ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó tì í ni. Ère ọkùnrin tó ń ronú, èyí tí Rodin, agbẹ́gilére ará Faransé, ṣe, tó wà níta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ueno ní Tokyo, Kangaeru Hito, ìyẹn "ẹni tó ń ronú", ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní Omou Hito.

Síbẹ̀, kangaeru náà ò kárí. Ère Miroku, ẹni tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbà pé ó máa di Búdà lọ́jọ́ iwájú, tí wọ́n fi igi gbẹ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje, tó wà ní tẹ́ńpìlì Kōryū-ji ní Kyoto, fi ìka sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún. Shiyui ni wọ́n ń pe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà tó sún mọ́ àṣàrò wa. Nayamu ni ti ẹni tí àròkàn ń dà láàmú. Hansei ni kéèyàn wẹ̀yìn wo ìwà ara rẹ̀. Láti ilé ìwé làwọn ọmọ wọn ti ń ṣe é. Kentō, ìyẹn gbígbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, jẹ́ ti ọ́fíìsì, ẹ sì ṣọ́ra fún un: "kentō shimasu" ("a máa gbé e yẹ̀ wò") lẹ́nu oníbàárà sábà máa ń jẹ́ "rárá" tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ bò.

Ó máa ń dùn mí pé Gẹ̀ẹ́sì la máa ń gbà dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí Yorùbá ti ya "mo rò pé" sọ́tọ̀ sí "mo ń ronú lé e lórí". Wọn ò bára mu délẹ̀délẹ̀, àmọ́ ọ̀nà yẹn yá ju "think" lọ.

Tí wọ́n bá fi iṣẹ́ lọ̀ yín, tẹ́ ẹ fẹ́ ro ó dáadáa kẹ́ ẹ tó pinnu, "Yoku kangaete kara kimemasu" ni kẹ́ ẹ sọ.