Ojú rí àwọ̀ méjì, ẹ̀rọ ka pléètì márùn-ún

Tí ẹ bá jókòó ti àwọn dìsáínà ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Fọ́tò yẹn ò ju àwọ̀ méjì lọ, pléètì méjì ló máa gbà." Ẹni tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Dúdú àti elésè àlùkò ló rí lójú kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì sọ. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ya pléètì (irin pẹlẹbẹ tó ń gbé íǹkì kọ̀ọ̀kan fún ìwé títẹ̀) kì í wo fọ́tò bí ènìyàn ṣe ń wò ó. Ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì ló ń kà, ó sì lè ka márùn-ún níbi tí ẹ ti rí méjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ètò ìsìnkú. Àwọn ẹbí ní dúdú àti elésè àlùkò nìkan làwọn fẹ́, kí owó má baà pọ̀. Dìsáínà mú Pantone 2685, nọ́ńbà elésè àlùkò kan nínú ètò àwọ̀ Pantone, fún àkọlé àti ìlà etí ìwé. (Àwọ̀ yìí kan náà ni Cadbury fi ń di ṣokoléètì, tí òun àti Nestlé tìtorí rẹ̀ gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò fún Cadbury lóhun tó fẹ́ ní 2013.) Lẹ́yìn náà ló ṣí fọ́tò màmá olóògbé nínú Photoshop, ó lọ sí Hue/Saturation, ó mú Colorize, ó ń fà á síwá sẹ́yìn títí àwọ̀ fọ́tò fi bá ti àkọlé mu régí. Ó fi pamọ́ ní JPEG, ó gbé e sínú InDesign, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń to ìwé. Àwọn ẹbí rí i, wọ́n ní ó dára.

Fáìlì JPEG yẹn kò mọ ohun tó ń jẹ́ 2685. RGB ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí ojú kọ̀ǹpútà ń lò. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya pléètì, RGB á di CMYK, íǹkì mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò aláwọ̀: elésè àlùkò á pín sí cyan (búlúù) àti magenta (pupa tó jọ píǹkì), yellow díẹ̀ á wọ̀ ọ́, black á sì bọ́ sí ibi tó ṣókùnkùn jù. Mẹ́rin nìyẹn. Àkọlé tó jẹ́ Pantone ní tòótọ́ á gba pléètì tirẹ̀, ó di márùn-ún. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé GTO oníàwọ̀ kan ni wọ́n fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́, bébà kan náà á gba inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀marùn-ún dípò ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun tó tún burú ju owó lọ ni kí onímáṣíìnì rántí pé àwọ̀ méjì ni wọ́n bá òun sọ, kó wá mú pléètì black àti ti Pantone nìkan, kó ju mẹ́ta yòókù nù. Àkọlé á jáde dáadáa. Fọ́tò màmá ńkọ́? Black nìkan ló kù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi òjìji nìkan ni black máa ń wà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Irun, ẹyinjú àti ìṣẹ́po gèlè á hàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí á funfun báláú. Ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn á máa bi ara wọn pé ta ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Lawrence Herbert gbé ètò Pantone jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963 kí ẹni tó yan àwọ̀ àti ẹni tó ń po íǹkì lè máa pe nọ́ńbà kan náà. Bí kunlékunlé ṣe ń po ọ̀dà nínú garawa kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì ni spot colour, irú àwọ̀ Pantone yìí, rí: wọ́n ti wọn íǹkì, wọ́n ti pò ó mọ́ra kó tó dé orí ẹ̀rọ, pléètì kan ló sì ń gbé e. CMYK ní tirẹ̀ kì í po nǹkan kan. Àmì kéékèèké ló ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú wa ló ń bá a pò ó. Nínú fáìlì, orúkọ ni spot colour. Ohun tí kò bá jẹ́ orúkọ yẹn kò lè bọ́ sórí pléètì yẹn, ì báà jọ ọ́ bí ìbejì.

Àwọn kan á ní, "Èmi kì í fojú wọ̀n ọ́n, inú Pantone ti Photoshop gan-an ni mo ti mú un." Kò yí nǹkan kan padà. Tí ẹ bá mú Pantone níbẹ̀ tí ẹ fi kun fọ́tò RGB, Photoshop á wá RGB tó sún mọ́ ọn jù, á sì fi ìyẹn kùn ún. Orúkọ ti bọ́ dànù. Kò sí níbòmíràn tó ń gbé orúkọ nínú Photoshop ju spot channel (àyè tí spot colour ń wà nínú fáìlì) àti Duotone (fọ́tò oní-íǹkì méjì) lọ.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ má kun fọ́tò rárá. Ẹ sọ ọ́ di Grayscale (dúdú àti funfun), ẹ pa gbogbo layer pọ̀, ẹ fi pamọ́ ní TIFF, ẹ gbé e sínú InDesign. Ẹ wá fi ọfà funfun yan fọ́tò fúnra rẹ̀, kì í ṣe férémù tó yí i ká, kí ẹ tó tẹ 2685 nínú Swatches. Ọ̀pọ̀ ń yan férémù, àwọ̀ á lọ sẹ́yìn fọ́tò, wọ́n á ní sọ́fítíwia ló ń ṣe wérewère. Nínú CorelDRAW, Bitmaps, Mode, Duotone ni ẹ ó gbà, kí ẹ yan Monotone, ìyẹn oníàwọ̀ kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún wá sọ ọ́ di bitmap CMYK lẹ́yìn náà nítorí òjìji tí ẹ fẹ́ fi sábẹ́ rẹ̀, ẹ ti tú iṣẹ́ yín ká.

Lójú tèmi, ojú ènìyàn kò dára nínú àwọ̀ kan ṣoṣo. 2685 dúdú tó láti gbé e dé ìwọ̀n. Ọsàn tàbí yẹ́lò kò lè gbé e rárá. Duotone ló yẹ ojú: black fún ibi òkùnkùn, elésè àlùkò fún ara tó kù. Láti Grayscale ni ẹ ó ti sọ ọ́ di Duotone nínú Photoshop, kí ẹ fi pamọ́ ní PSD tàbí EPS. Ẹ má fi ìlà (curve) íǹkì méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fà wọ́n wálẹ̀ díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ íǹkì méjì á gun ara wọn, fọ́tò á dú jù. Ẹ sì bi ẹni tó ń ya pléètì léèrè nípa igun àwọn àmì náà. Igun 45 ni black sábà máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia máa ń gbé spot colour sí. Ẹ ní kó gbé tiyín lọ sí 75 tí magenta ì bá wà, nítorí magenta kò sí nínú iṣẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kékeré kan ṣì wà. Bí àkọlé bá ń jẹ́ PANTONE 2685 C nínú InDesign, tí fọ́tò sì ń jẹ́ PANTONE 2685 U, pléètì méjì ni. Íǹkì kan náà ni C àti U. Bébà tó ń dán àti bébà tí kò dán ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn. Láti ìgbà tí Adobe ti yọ èyí tó pọ̀ nínú àwọn àkójọ Pantone kúrò lópin 2022, ọ̀pọ̀ ló ń fọwọ́ tẹ orúkọ, àlàfo kan tó bá sọnù ti bí pléètì mìíràn. Nínú Ink Manager ti InDesign ni ẹ ti lè so àwọn orúkọ méjì náà pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún "All Spots to Process" tó wà níbẹ̀: pléètì á di mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n elésè àlùkò tí wọ́n sanwó fún á ṣá.

Tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà lórí ẹ̀rọ dígítà tó ń lo tónà mẹ́rin ni, kí ẹ gbàgbé gbogbo èyí, kò sí pléètì níbẹ̀, CMYK ni ohun gbogbo máa dà.

Fún ti ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń lo pléètì, ẹ ṣí Window nínú InDesign, Output, Separations Preview, kí ẹ pa cyan, magenta àti yellow. Bí fọ́tò bá yí àwọ̀ padà báyìí, kò tíì ṣe tán. Bí kò bá yí padà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́ tó ń bá fáìlì lọ: Black, PANTONE 2685 C, méjì péré, tí ẹ̀rọ bá ka ẹ̀kẹta, kí wọ́n pe yín kí wọ́n tó yà á.