Wọ Ọkọ̀ Kí O Tó Wọ Wíìgì

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi nìyí: ọmọ tó bá jáde ní Maritime Academy of Nigeria ní Oron, tó ní lọ́yà òkun, ìyẹn lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi àti ẹrù inú rẹ̀, lòun fẹ́ dà, kó kọ́kọ́ lọ wọ ọkọ̀. Kó lo ọdún kan lórí omi, ó kéré tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó wá fọ́ọ̀mù JAMB lọ.

Mo mọ ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ wọn lọ sídìí òfin. Kì í ṣe ìfẹ́ òfin. Ọkọ̀ ni kò sí. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní STCW sọ pé kádẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀, tó bá fẹ́ gbàwé ẹ̀rí ọ̀gá lórí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní sea time, ìyẹn àkókò iṣẹ́ lórí omi, oṣù 12 lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí; bí kò bá sí lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ó di oṣù 36. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Oron sílẹ̀ ní 1977, Nàìjíríà ṣì ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ìyẹn NNSL. Ní 1995, NNSL kógbá sílé. Láti ìgbà náà, ọmọ á kàwé tán, á wá máa rìn kiri Apápá, fáìlì lábẹ́ abíyá, yóò máa bẹ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gba òun. Bó bá délé, wọ́n á ní, "Ṣé o ti di kápútéènì?" Nígbà tó bá sú u, á ní òun á kúkú lọ kọ́ òfin. Ó ṣe tán, kò sí ìyá tí inú rẹ̀ kì í dùn bí wọ́n bá ń pè é ní Ìyá Lọ́yà.

Tó bá jẹ́ torí kí ẹnu ilé lè rọ̀ ni, jọ̀wọ́, má lọ. Ọdún 5 ni LL.B., oyè àkọ́kọ́ nínú òfin, fún ẹni tó bá JAMB wọlé, ọdún 4 fún ẹni tó gba Direct Entry, kì í sì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń gba HND fún òfin. Law School tún ń dúró dè ọ́ lẹ́yìn ìyẹn. A ò tíì ka ti ASUU mọ́ ọn o. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ẹ máa gba ẹ̀yìn lọ, pé LL.M., oyè kejì, ni ẹ máa lọ gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Southampton tàbí Swansea: orúkọ àwọn ilé ìwé yẹn ròkè nínú òfin òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n LL.M. nìkan kì í sọ èèyàn di lọ́yà ní Nàìjíríà. Láìsí LL.B. àti Law School, ẹ ò lè dìde níwájú adájọ́. Mo kọ èyí nítorí pé pọ́n-ùn kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ṣeré.

Ó dáa, kí ni ọkọ̀ máa kọ́ èèyàn tí kíláàsì ò lè kọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹjọ́ ẹrù tí kò pé. Ọkọ̀ kan gbé àlìkámà dé. Ìwé ní iye báyìí ló gbé, ẹni tó lẹrù ní òun ò rí i tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà mọ iye àlìkámà inú ọkọ̀ ni kí wọ́n wo ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n á ka nọ́ńbà tí wọ́n kùn sí iwájú, àárín àti ẹ̀yìn rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibi mẹ́fà, kí wọ́n lè mọ bó ṣe rì tó. Wọ́n á wá ju korobá sísàlẹ̀, wọ́n á fi bu omi èbúté, wọ́n á ti hydrometer, ohun tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe wúwo tó, bọ̀ ọ́, torí omi òkun wúwo ju omi odò lọ, ọkọ̀ kì í sì í rì tó bẹ́ẹ̀ nínú omi tó wúwo. Ti òkun jẹ́ tọ́ọ̀nù 1.025 fún kúbíkì mítà kan, ti odò jẹ́ 1.000. Èbúté tí odò ti ń wọnú òkun á wà láàárín méjèèjì. Bí ebi bá wá ń pa ẹni tó ń wọn ọkọ̀ níbi tó ti gbẹ́rù, tí kò bomi rárá, tó kàn kọ 1.025 sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé 1.010 ni omi wà, ọkọ̀ tó pè ní 40,000 tọ́ọ̀nù tòun tẹrù ti fi nǹkan bíi 585 tọ́ọ̀nù lé lórí ìwé. Àlìkámà tí kò wọ ọkọ̀ rí ni gbogbo wọn á wá máa wá ní Apápá.

Lọ́yà tí kò dé orí ọkọ̀ rí á máa béèrè ẹni tó jí i. Èyí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa korobá yẹn sókè á béèrè ẹni tó bomi, apá ibi tó ti bù ú, àti bóyá omi ń kún ni àbí ó ń fà. Èmi tí mò ń fi ìwé ẹrù jẹun, mo mọ èyí tí màá gbé ẹjọ́ mi fún.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Admiralty Court ní London, bí ọkọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, adájọ́ lè pe àwọn àgbà atukọ̀ ti Trinity House, ẹgbẹ́ atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n wá jókòó ti òun, kí wọ́n máa là á lọ́yẹ.

Nílẹ̀ wa níbí, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni apá 251 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ẹjọ́ òkun fún, òfin Admiralty ti 1991 ló sì la ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n lè pè lẹ́jọ́, orúkọ rẹ̀ á wà lórí ìwé bí orúkọ ọmọ èèyàn, kóòtù á sì ní kí wọ́n mú un. Àmọ́ bó bá ti ṣíkọ̀, ó di kí ẹ máa juwọ́ sí i. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ mọ̀ pé èyí tó ti ń pa ìdérí àpò ẹrù rẹ̀ dé, tó sì ti pe páílọ́ọ̀tì tó máa darí rẹ̀ jáde ní èbúté, kò ní sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Èyí tó dùn mí jù ni owó oṣù àwọn atukọ̀. Òfin 1991 yẹn, ní apá 5, ka owó oṣù wọn mọ́ gbèsè tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀: bí wọ́n tilẹ̀ tà á fún ẹlòmíràn, gbèsè bá a lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún National Industrial Court ní apá 254C, nígbà tó sì di 2021, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ ọkọ̀ MT Sam Purpose pé ibẹ̀ ni ti owó atukọ̀ ń lọ. Atukọ̀ wà lórí ìdákọ̀ró, oúnjẹ ń tán lọ, lọ́yà ń jiyàn lórí ilẹ̀kùn kóòtù tó yẹ kí wọ́n kàn. Ibi tí mo ti fẹ́ rí àwọn ọmọ Oron gan-an nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó lọkọ̀ àti àwọn tó lẹrù ni dọ́là wà, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí tó bá lọ síbẹ̀, àmọ́ ta ni yóò gbèjà ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀ bí kò ṣe ẹni tó ti fọ̀ ọ́ rí?

Ẹ máa ní, "Bùọ̀dá, ọkọ̀ tí a ò rí ńkọ́?" Ọkọ̀ ńlá tó ń lọ ilẹ̀ òkèèrè nìkan kọ́ ni ọkọ̀. Tọ́ọ̀gì tó ń fa ọkọ̀ wọlé wà, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ fún àwọn elépo láti Onne wà, àwọn táńkà kéékèèké tó ń ná etíkun wa náà wà. Òfin Cabotage ti 2003 ní ọmọ Nàìjíríà ni kó máa ṣiṣẹ́ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí mínísítà bá yọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda yẹn ni alágbàro tó ń sọ oko di igbó, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn sì ni. Bí ìyẹn náà ò bá bọ́ sí i, ẹ lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn ẹrù àti ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ ò nílò wíìgì níbẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ ó sì máa gun ọkọ̀.

Ẹni tí sea time rẹ̀ bá ti pé tó ṣì ń wo ojú òfin, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ wo yunifásítì tó máa gba HND rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì lọ́kọ̀ tàbí ẹ mọ ẹni tó lọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kádẹ́ẹ̀tì mélòó lẹ lè gbà lọ́dún yìí?