Ọ̀mùtí Oníwèé Ẹ̀rí

Ẹni tó bá kojú ife bíà mẹ́fà láàárín wákàtí kan ààbọ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ìdánwò ló ń ṣe. Ẹ rọra o, ẹ má pariwo, ọ̀gá ń ronú.

Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Beer Judge Certification Program, tó ń dán àwọn adájọ́ bíà wò tó sì ń fún wọn níwèé ẹ̀rí, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1985. Kì í kúkú ṣe ọ̀nà ọ̀fun nìkan ló ń gbéni débẹ̀. Ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì lo máa kọ́kọ́ ṣe: ìbéèrè 180, ìṣẹ́jú 60. Àwọn géńdé tí ìyá wọn bẹ̀ títí kí wọ́n kàwé tí wọn ò gbọ́, àwọn náà ló ń ṣàìsùn báyìí nítorí ìyàtọ̀ tó wà láàárín bíà dúdú àti bíà dúdú. Bí wọ́n bá yege, ìgbà yẹn ni ife mẹ́fà yẹn tó kàn wọ́n.

Máàkì 50 ni bíà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́jọ́ lé lórí. Ìtọ́wò gba 20, òórùn gba 12, èrò adájọ́ lápapọ̀ gba 10, bó ṣe rí lẹ́nu gba 5. Ìrísí, tó fi mọ́ ìfófó tí àwọn ọ̀mùtí ilé wa máa ń kọ́kọ́ yìn, 3 péré! Bíà tó bàjẹ́ pátápátá pàápàá, wọ́n á ṣàánú ẹ̀ ní 13, kí ojú má baà ti ẹni tó pọn ọ́n.

Ẹnu wọn gan-an leré wà. Baba onírùngbọ̀n kan á ki imú bọ ife, á dijú, á fà á símú bí ẹni ń fín aáṣáà, á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé: páálí tó rin. Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ jẹ páálí tẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n lẹ́nu? Wọ́n tún ní òórùn aṣọ tí wọ́n fi ń bo ẹṣin. Nínú bíà mìíràn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nínú lambic, bíà kíkan àwọn ará Belgium, oríyìn ni! Òórùn àgbàdo bíbọ̀ náà wà lára àbùkù tí wọ́n ń dẹ kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ gbọ́.

Ẹ má sì rò pé wọ́n ń gbowó o. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń dájọ́. Oyè ni wọ́n ń wá: Recognized, Certified, National, Master, títí dé Grand Master. Ẹni tó gba 60 nínú ọgọ́rùn-ún níbi ìdánwò lè jẹ Recognized. Kó tó jẹ Master, àfi kó gba 90, kó sì ti dájọ́ kiri títí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á fi máa bẹ̀bẹ̀.

Ẹ wá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ síbi ọjọ́ìbí, kẹ́ ẹ gbé bíà tútù nini fún un. Kò ní í mu ún. Á ní òtútù ti pa òórùn rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ife mọ́ra kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Á yẹ ife wò bóyá ọ̀rá wà lára ẹ̀. Á béèrè omi, á béèrè bisikíìtì tí kò ládùn láti fi fọ ẹnu. Nígbà tó bá fi máa kéde pé 27 lòun fún un, èyí tí ìwé wọn ń pè ní Good, ẹni tó jókòó tì í ti bá a mu ìyókù inú ìgò.