Ibi tí ẹ̀yà méjì ti pàdé ni kí ẹ wò

Àwọn ẹnjiníà kan máa ń ráhùn pé ìwé ìlànà ti pọ̀ jù, pé kì í jẹ́ kí èèyàn lo ọpọlọ. Mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. (Lóòótọ́, àwọn kan nínú ìwé ọ̀hún ń kun èèyàn lóorun.) Lójú tèmi, oríkèé ni ìlànà ń ṣọ́, ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan ti pàdé ti ẹlòmíì.

Nígbà tí iná jó ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1904, àwọn panápaná sáré wá láti Washington, Philadelphia àti New York. Omi wà, ọkọ̀ wà. Àmọ́ ẹnu ọ̀pọ̀ nínú rọ́bà wọn kò bá ẹnu ẹ̀rọ omi ìlú náà mu, torí kálukú ló ń ṣe tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ilé tó jóná lé ní 1,500.

Ti Baltimore ṣì yé mi: ìlànà kò sí. Ti Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ òfuurufú tí NASA, àjọ tó ń rí sí òfuurufú ní Amẹ́ríkà, rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, ló ń bí mi nínú, torí ìlànà wà nílẹ̀ níbẹ̀! Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé newton-second, ìyẹn ìwọ̀n kan, ni kí wọ́n máa fi gbé ìṣirò agbára tí ẹ̀rọ ìtì ọkọ̀ náà ń lò wá fún NASA. Sọ́fítíwíà Lockheed Martin, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, ń gbé e wá ní pound-force second, ìwọ̀n míì. Nọ́ńbà lásán ni kọ̀ǹpútà rí, kò mọ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ó sì ń ka agbára náà sí ohun tó kéré ní ìlọ́po 4.45. Ní September 23, 1999, ọkọ̀ náà sún mọ́ Mars ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ṣègbé.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn tí mo bá rí àwọn tó ń fi ISO/IEC/IEEE 15288, ìlànà àgbáyé kan fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣe fọ́ọ̀mù tí wọ́n kàn ń máàkì. Ìlànà yẹn kò sọ bí ẹ ṣe máa kan ẹ̀rọ yín. Iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe ló ń tò, látìgbà tí ẹ̀rọ ṣì jẹ́ èrò lásán títí dìgbà tí wọ́n á pa á tì, ó sì fàyè gba kẹ́ ẹ gé e bá iṣẹ́ yín mu. Àyẹ̀wò wà nínú ẹ̀. Òun gan-an làwọn èèyàn ń fò tí àkókò bá ti há.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, oríkèé kọ̀ọ̀kan á ní ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kò sì sẹ́ni tó máa bu ọwọ́ lùwé títí tí dátà gidi á fi gba ibẹ̀ kọjá lójú ìhà méjèèjì.